Onídùúró Tí Wọ́n Bí Sẹ́nu Bodè

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá. Ẹ má dárúkọ mi o, ọkọ mi ń gbọ́ yín.

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bàbá-ńlá ọkọ mi ni oníbodè Ìwó. Àlejò tí kò bá ní onídùúró kò gbọdọ̀ wọ̀lú. Ni aboyún kan bá rọbí lẹ́nu bodè, ọmọ sì bọ́ síhà ìlú. Bàbá pariwo: "Ọmọ Ìwó rèé! Òun ni onídùúró ìyá ẹ̀!" Bí wọ́n ṣe wọlé nìyẹn.

Ọkọ mi máa ń fi ìtàn yìí yangàn. Àmọ́ lánàá, tọkọtaya àlejò wá gba yàrá nílé wa, ọkọ mi ní kò sí onídùúró, kò sí yàrá. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kúkú tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà wa ni?