Ọ̀gá Gìtá Tó Sọ Ìyá Rẹ̀ Di Òkú

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Agblangandan ni mò ń gbé.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo fi ọ̀rọ̀ Nàgó sọ orin ìfẹ́ kan tó gbòde di orin arò fún un. Kọ́ládé, ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní gìtá, ló kọ́ mi bí mo ṣe máa fi gìtá ta á. Àṣé òun náà ti ń kọ ọ́ kiri òde, tó ń sunkún pé ìyá òun ló kú. Nígbà tí mo bi í, ó rẹ́rìn-ín: "Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́?"

Mo ta gìtá títí ìka mi fi bó. Mo wá gbé e lọ bá ìyá Kọ́ládé ní Pobè, màmá tí ara rẹ̀ le koko, mo kọ orin náà fún un.

"Ta ló kú?" ni màmá bi mí.

"Ẹ̀yin ni, màmá. Ọmọ yín ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Níbo ló ti máa kọ ọ́ báyìí?"

Sèmè-Kpodji ni, lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n bẹ màmá kó má wá, kí ojú má baà ti ọmọ rẹ̀ láwùjọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n bẹ̀ ẹ́? Mo ti bá màmá gba àga iwájú.