Sí Àbúrò Mi, Lórí Ọ̀rọ̀ Tíṣà Fi-O-Sí-I

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ẹ̀fọ́rí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì ti lọ pátápátá. Ara tèmi náà le, inú nìkan ló ń bí mi.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o ti gbọ́ èdè Sípáníìṣì tán láàárín oṣù díẹ̀, kí n fi orúkọ rẹ síwájú ọ̀gá wa nílé ìwòsàn, kí o lè máa ṣe ògbufọ̀ fún àwọn aláìsàn. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún ọ pé o ti gbọ́ ọ tán? Tíṣà Fi-O-Sí-I náà ni, àbí? Ọkùnrin tó ń so táì mọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà.

Ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ̀ fún mi: mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi "o" sí i nídìí, ó ti di Sípáníìṣì nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì bá sì jọ ti Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ kẹ̀! Ṣé o ti gbàgbé ohun tí Bàbá máa ń sọ ni? Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ó dáa, gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá àgbà kan wá sí wọ́ọ̀dù wa, Sípáníìṣì nìkan ni wọ́n gbọ́. Ọmọ wọn obìnrin ló gbé wọn wá, ṣùgbọ́n ó ti sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Ni ọ̀gá wa bá ránṣẹ́ pe tíṣà rẹ, tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbufọ̀. Tariwo-tariwo ló wọlé, àgbá òfìfo. Ìyá ní "Estoy constipada," wọ́n sì nawọ́ sí imú ara wọn. Tíṣà ò wo imú. Ó yíjú sí dókítà, ó ní, "Màmá ní àwọn ò rí ìgbẹ́ yà." Dókítà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jọ "constipated" ti Gẹ̀ẹ́sì débi pé ọmọdé gan-an á mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fún ìyá ní oògùn tó ń múni yàgbẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti di ilé wọn. Agbára tán, ojú jìn, omi la fà sí wọn lára. Nígbà tí ọmọ wọn dé, ó bú sẹ́kún: "Òtútù ló mú ìyá mi! Ọ̀fìnkìn ni wọ́n ń sọ! Ta ló sọ fún yín pé inú ni?" A wẹ̀yìn, tíṣà rẹ ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó ní, "N ò mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n wò ó," ta ni ìbá bú u? Abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti béèrè, ojú ò tì í láti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá oníyàá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tó kọ́kọ́ kí wọn lédè wọn, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ti rí ẹni tó gbọ́ àwọn.

Jọ̀ọ́, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tí wọ́n ń lò ó sí. Èyí tó bá jọ ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni kí o fura sí. "Ropa" kì í ṣe okùn, aṣọ ni. "Sopa" kì í ṣe ọṣẹ, ọbẹ̀ olómi ni. Bí o bá fi wẹ̀, tíṣà rẹ ni kó wá fi omi ṣan ọ́.

Ọlọ́run á là ọ́ lóye, á fi olùkọ́ gidi pàdé rẹ. O ò ní í di ẹrù sí aláìsàn lọ́rùn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó fẹ́ràn rẹ ju bí ẹnu rẹ̀ ti rí lọ.

Àfikún: Ọ̀gá wa ń wá ògbufọ̀ mìíràn. Ó bi mí lánàá bóyá mo mọ ẹni tó gbọ́ Sípáníìṣì. Mo ní n kò mọ ẹnikẹ́ni.