Máàkì tí Mo Fún Yín

Ṣàngó, Ìlọrin.
Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí. Eruku bo gíláàsì fèrèsé, ètè mi sì ti bó.

Bàbá mi tí mo ń wárí fún,

Mo tún gbọ́ yín. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ikọ́ kékeré yẹn dún ní pálọ̀, èyí tí ẹ máa ń hú bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ẹ ó sì wá dákẹ́. Mo jáde wò ó. Àga yín wà níbẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa ń tẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ènìyàn. Ìgbà tí mo padà sídìí ẹ̀wà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀fun tèmi ni ikọ́ náà ti jáde.

Ṣé ẹ rántí Múfútáù, àgbẹ̀ Òkè-Òyì tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí ó máa ń fi ọ̀kadà gbé iṣu wá fún yín? Ọdún tí ẹ lò kẹ́yìn láyé ni ó sọ fún yín pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Ẹ bọ́ gíláàsì ojú yín, ẹ nù ún, ẹ húkọ́. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo ń retí gbólóhùn tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí n wá gbé iṣu wọlé. Ṣé “bẹ́ẹ̀ ni” ni ẹ fẹ́ sọ, Bàbá, àbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”?

Ó ṣì ń dúró dè mí. Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀, àkọ́bí yín, kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní Mùsùlùmí ni, wọ́n ní èmi ni mo mọ ilé yìí tọ́jú. “Bí o bá lọ, ta ni yóò máa ṣí fèrèsé yàrá Bàbá?” Mo fẹ́ dáhùn, ọ̀fun mi dí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dí. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n lọ rí agbaninímọ̀ràn kan ní àdúgbò Challenge.

Ọmọ Ìlọrin ni obìnrin náà, ó kéré sí mi, Àǹtí ni ó ń pè mí. Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn ènìyàn mi sórí káàdì: ẹ̀yin, Màámi, Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀, Múfútáù àti àwọn mìíràn, èmi bí mo ṣe wà, èmi bí mo ṣe fẹ́ wà. Yóò mú mẹ́ta, yóò ní kí n sọ ohun tí méjì fi jọra tí ẹnì kẹta fi yàtọ̀ sí wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni ó ń kọ sílẹ̀. Ẹni tí ń sọ tinú rẹ̀, àti òdìkejì rẹ̀, ẹni tí ń gbé e mì. Ẹni tí ń di ilé mú, àti ẹni tí ń tú ilé ká. Lẹ́yìn náà, kí n fún olúkúlùkù ní máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti oókan dé eéje: eéje fún ìhà àkọ́kọ́, oókan fún òdìkejì rẹ̀.

Ọmọ wo ni yóò fún baba rẹ̀ ní máàkì bí ẹni pé tíṣà ni òun? Eéje ni mo fún yín níbi gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ sísọ. Ó wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá bàbá mi ni mo kọ síbẹ̀ tàbí màláíkà. Ó ní kí n gbé e lọ sílé, kí n tún un wò.

Iwájú fọ́tò yín ni mo ti pa eéje náà rẹ́ tí mo kọ oókan: ẹni tí ń gbé e mì. Ó dà bí ẹni pé mo gbá yín létí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ yín.

Nígbà tí mo dá ìwé náà padà, agbaninímọ̀ràn náà ṣírò rẹ̀ fún mi. Gbogbo ẹni tí mo ní ó ń sọ tinú rẹ̀ ni mo tún ní ó ń tú ilé ká. Màámi ló ṣáájú, Màámi tí wọ́n sọ tinú wọn lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì kó ẹrù wọn padà sí Ọ̀mù-Àrán, ìlú wọn. Àwọn tí ń gbé e mì ni ó ń di ilé mú. Èmi àti ẹ̀yin la jókòó pọ̀ níbẹ̀. Ìhà àwọn tí ń sọ̀rọ̀ sì ni mo kọ pé mo fẹ́ wà. Ó ní irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ohun tí ènìyàn fẹ́ so mọ́ ohun tí ó ń bẹ̀rù, ni òun máa ń kà láti fi wọn ìjà tí ó wà nínú ọkàn ènìyàn. Ó ní tèmi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan yìí lágbára.

“Àǹtí, ọ̀fun yín kò ṣàìsàn. Ẹ kàn gbà pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló máa ń pàdánù ilé.”

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Òótọ́ ni, Màámi lọ. Ṣùgbọ́n ilé wo ni àwa tí a dákẹ́ dì mú? Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ẹ máa ń kọ ojú àga yín sí géètì. Ta ni ẹ ń retí? Ṣé ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ fún Màámi kí wọ́n tó lọ ni ó ń di ikọ́ mọ́ yín lọ́fun?

Bọ̀ọ̀dá Dàpọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo ti pinnu. Èmi yóò sọ fún wọn pé mo gbà fún Múfútáù, àti pé n ó máa ti Òkè-Òyì wá ṣí fèrèsé yín. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, Múfútáù pàápàá kò tíì mọ̀. Bí ikọ́ yẹn bá gbé mi lójú wọn, n ó jẹ́ kí ó kọjá, n ó sì sọ gbólóhùn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ó fẹ́ràn yín pẹ̀lú oókan yẹn náà.