Oke àti Okẽ: Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ilé Kejìlá, Òpópónà Takuára,
Potrero Mainumby,
Paraguay.

Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2018.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìkàwé Ìlú,
Potrero Mainumby.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ KỌ̀ǸPÚTÀ ÀTIJỌ́ PADÀ SÍ ÀYÈ RẸ̀

1. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nígbà tí mo ti ilé àbúrò ìyá mi tí mo sùn sí dé, ohun tí mo bá nílé wa nìyí: àbẹ́là kan tó ti jó dé ìdí lórí tábìlì, ìyá àgbà mi, Ña Saturnina Rolón, nínú aṣọ dúdú, yẹtí wọn méjèèjì nínú àwo ṣúgà, ife ìwo tí a fi ń mu tereré, tó dojú dé, àwọn adìẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún lóúnjẹ, àti ilẹ̀kùn iwájú tó ṣí sílẹ̀ gbayawu nínú òtútù. Mo béèrè ohun tó dé. Ìyá àgbà ní, "Anselmo ti sùn, ọmọ mi. Má pariwo."

2. Anselmo ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Bíríkìlà ni ní Buenos Aires, níbi tí ìyá mi, Deolinda, náà ti ń ṣe alásè. Nílé wa, a kì í dárúkọ ikú mọ́ ẹni tiwa. Sísùn là ń pè é. Mo béèrè ẹni tó sọ fún wọn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ojú ara àwọn làwọn fi kà á ní ilé-ìkàwé ní ìrọ̀lẹ́ àná.

3. Ìyá àgbà ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Olóògbé Don Eligio Recalde, olùkọ́, ló kọ́ wọn ní èdè Guaraní, nídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èdè wa ní àmì tí a ń fi sórí lẹ́tà tí ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde. Tí àmì náà bá bọ́, ọ̀rọ̀ á di ọ̀rọ̀ mìíràn. Tẹlifóònù ìyá mi kò ní gbogbo àmì wọ̀nyí, nítorí náà láìlámì ni lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ìyá àgbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń dé. Don Eligio fúnra wọn ṣe àfikún kékeré kan, wọ́n so ó mọ́ búráúsà kọ̀ǹpútà yẹn: ó ń sọ lẹ́tà di ńlá, ó sì ń fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá ní ojú méjì. Tí èèyàn bá gbé ọfà lé e, ojú méjèèjì á yọ. Ìyá àgbà á mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ mu, wọ́n á rẹ́rìn-ín sínú, wọ́n á máa kà á lọ. Gbogbo Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń lọ. Wọn kì í jẹ́ kí n tẹ̀ lé àwọn. "Èmi lọmọ mi kọ̀wé sí," ni wọ́n máa ń wí, "kò kọ ọ́ sí ọ."

4. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí, Ìgbìmọ̀ yín rán Ọ̀gbẹ́ni Fleitas pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tuntun. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún Ña Obdulia, tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé, pé ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà kò ní ẹni tó ń tún un ṣe mọ́, pé olè lè gba inú rẹ̀ wọlé, àti pé búráúsà òde òní kò gba irú àfikún àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Òkú lẹ gbé jókòó síbí o, Màmá. Àwọn tó bí i gan-an ti sin ín." Ña Obdulia dáhùn pé, "Òkú tó ń báni kàwé? Jẹ́ ó jókòó ńbẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá ẹrù. N kò bá Ọ̀gbẹ́ni Fleitas jà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ olè tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè ta ló ń lo ẹ̀rọ náà, kí ló sì ń fi í ṣe.

5. Ohun tí ìyá mi ní lọ́kàn láti kọ ni pé Anselmo ti parí ògiri ilé tó ń kọ́, "okẽ opyta": ilẹ̀kùn ló kù. Ohun tí ìyá àgbà rí lórí kọ̀ǹpútà tuntun ni "oke opyta": ó sùn, kò jí. Kò sí ìlà pupa lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n dágbére fún Ña Obdulia, wọ́n rìn wálé, wọ́n sì dá ṣọ̀fọ̀ ọmọ wọn mọ́jú láìpe aládùúgbò kankan, kí n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ilẹ̀kùn tí mo bá ní ṣíṣí, wọ́n ṣí i kí ọmọ lè rí ọ̀nà wọlé ni.

6. Mo pe Anselmo títí, wọn kò gbé tẹlifóònù àfi lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi.
"Ta nìyẹn?"
"Èmi ni, Màmá. Mo ń jẹun lọ́wọ́."
"Kí lò ń jẹ?"
"Gbágùúdá sísè."
"Òkú kì í jẹ gbágùúdá."
"Ta ló kú, Màmá?"
"Jẹun rẹ, jàre. Tó o bá jẹ ẹ́ tán, lọ fi ilẹ̀kùn sílé yẹn."

7. Ẹ̀yin Ọ̀gá, a ti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ìyá àgbà ní àwọn kò lọ sí ilé-ìkàwé mọ́, pé ojú àwọn ti ń parọ́ fún àwọn. Ojú wọn kò parọ́. Ohun tí wọ́n rí gan-an ni wọ́n kà.

8. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀rọ náà tàbí kí wọ́n tú u. Inú rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ Don Eligio wà. Ẹ dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì; Ña Obdulia ti gbà láti máa gba lẹ́tà lórí ẹ̀rọ tuntun, kí wọ́n sì fi fíláàṣì gbé e wá sórí ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wa wá ẹni tó mọṣẹ́, tí yóò tún àfikún náà kọ fún búráúsà òde òní. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá fi èyí tuntun kàwé, tí wọ́n ní ó dára, kí Ọ̀gbẹ́ni Fleitas wá gbé òkú wọn lọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, ọmọ ìlú yín,

Liduvina Cabañas,
Òǹkàwé, ọmọ-ọmọ Ña Saturnina Rolón.

Àfikún: Ìyá àgbà kò mọ̀ pé mo kọ̀wé sí yín. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo lọ yọjú sí wọn: oke. Mo ti okẽ. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀; èmi náà fẹ́ lọ dùbúlẹ̀.