Sinimá Tó Parí Sẹ́nu Ilẹ̀kùn

                                        Agboolé Souradjou,
                                        Manigri,
                                        Bassila, Bénin.
                                        Ọjọ́ Jímọ̀, 18 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Shehu, ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti tó oṣù kan tí oorun mi kò ti já geere. Ikọ́ rẹ tí mo gbọ́ lórí fóònù lóṣù tó kọjá ni àkọ́kọ́. Ó ń dún bí ikọ́ bàbá wa, n kò sì fẹ́ kí ohunkóhun dún bí ikọ́ bàbá wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ògiri ilé ìdáná tó sán lẹ́yìn òjò. Òjò náà gan-an tún ń kó mi lọ́kàn sókè, ó yẹ kó ti máa dáwọ́ dúró. Ojú Ganiyatou ìyàwó rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ṣé ó ń kán oògùn náà sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, àbí alẹ́ nìkan? Èyí tó wá gbẹ̀yìn nínú wọn ni sinimá kan. Má rẹ́rìn-ín. Sinimá ni mo wí.

Báwo ni ara rẹ báyìí? Ṣé àyà rẹ ti fúyẹ́? Ṣé ilé dára, ṣé àwọn aládùúgbò rẹ ní Bassila ń ṣe dáadáa sí ọ? Gbogbo wa wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Rachidatou ìyàwó mi ní kí n kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí n má ṣe fi àníyàn kún lẹ́tà yìí títí tí àyè ìròyìn ayọ̀ kò fi ní sí mọ́. Mo ti gbìyànjú.

O lè bi mí ìdí tí n kò fi pè ọ́. Shehu, bí mo bá ti dárúkọ Moudachirou ọmọ rẹ lórí fóònù, ńṣe ló máa ń gé, tí o ó sì dá bátìrì lẹ́bi. Lẹ́tà kò ní bátìrì. Jọ̀wọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Bassirath, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé, ló yá ẹ̀rọ sinimá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Alásárì, gbogbo wa pé sí ilé àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ta aṣọ sójú fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé. Faransé ni wọ́n ń sọ nínú sinimá náà, Bassirath sì ń túmọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó wà nínú ẹgbẹ́ jàǹdùkú ní ìlú ńlá kan. Òun ló máa ń wa ọkọ̀ fún wọn bí wọ́n bá jalè tán. Nígbà tó yá, ayé náà sú u. Ó sá lọ sí ìlú kékeré kan létí òkun, ó yí orúkọ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì fún àwọn ará ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá a títí wọ́n fi rí i.

Nígbà tí wọ́n ń yìnbọn, búrẹ́dì wà nínú ààrò. N kò rí ìbọn wò, búrẹ́dì ni mò ń rò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi Bassirath bóyá ẹnìkan ti yọ ọ́. Ó ní kí n ní sùúrù. Títí di òní, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí búrẹ́dì yẹn.

Níkẹyìn, àwọn jàǹdùkú dúró síta, wọ́n ń pe ọkùnrin náà ní orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ẹsẹ̀ kan síta. Ojú sinimá ṣókùnkùn, ó parí. Gbogbo èèyàn yíjú sí Abdulbaqi tó ń tún alùpùpù ṣe, nítorí òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ amúnáwá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ó jẹ́ kí epo tán. Ó búra títí, ó ń fi ìka tọ́ka sí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gòkè lójú aṣọ funfun, pé ṣé iná tó kú ló ń kọ̀wé ni.

Ibẹ̀ ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Bassirath ní ẹni tó ṣe sinimá náà fẹ́ kí a lọ rò ó fúnra wa ni. Bàbá kan lẹ́yìn mi dáhùn pé ìrònú pọ̀ nílé òun, sinimá lòun wá wò. Àwọn obìnrin kan ní ó yẹ kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ dá ohun tó jí padà kó tó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá búrẹ́dì irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe é jẹ fún Mùsùlùmí. Abdulbaqi ní wọ́n ti pa á. Ó ní irọ́ ni ọ̀nà tó gbà wa ọkọ̀ pẹ̀lú, pé ẹni tó bá wakọ̀ báyẹn lójú ọ̀nà Bassila, orí igi kajú ni wọn ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rín pọ̀. Ló bá tún fi kún un pé ẹni tó bá ti ṣe jàǹdùkú lẹ́ẹ̀kan, jàǹdùkú ni títí ayé. Bó ti sọ ọ́ tán ló rántí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Moudachirou ló dúró níbẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ nínú wa. Ìwọ mọ̀ ọ́n jù. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Àsùmáù, opó tó wà nítòsí oko wa, fi àpò kajú mẹ́ta rán an sí ọjà Bassila. Òun àti kajú kò padà. Ó gba Cotonou lọ, ó darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi ìbọn gba alùpùpù, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Láti ìgbà tó ti padà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ààwẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bú u, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè é sí ọ̀wẹ̀. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ní Manigri. Ẹni tí a kì í pè láti báni kọ ebè, a ti sin ín láìgbẹ́lẹ̀. Òun náà kò sì ní ojú tó lè fi lọ ojúlé dé ojúlé láti bẹ̀ wọ́n sí oko tirẹ̀. Òun nìkan ló ń kọ ebè rẹ̀.

Àsùmáù ló dìde láàárín èrò.

Ó ní, “Ẹ̀ ń jiyàn bóyá ọkùnrin yẹn kú. Ọwọ́ àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ ló wà. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn wọn, ó kú. Bí wọ́n bá jáde sí i, ó yè.”

Ó wá yíjú sẹ́nu ọ̀nà. “Moudachirou, ebè mélòó lo ti kọ?”

Ó ní, “Igba, Ìyá.”

“Láti oṣù tó kọjá? Ṣé ṣíbí lo fi ń kọ ọ́ ni?” Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Àsùmáù kò rẹ́rìn-ín. “Mo mọ ohun tó ń gba àkókò rẹ. Ṣé o rò pé n kò rí ẹni tó ń ro ìdí kajú mi ní ìdájí?”

Shehu, n kò mọ̀ nípa ìyẹn rárá. Inú ilé mi ló ń sùn, n kò mọ̀. Moudachirou dojú bolẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

O lè rò pé ọkàn mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n kàn rẹ́rìn-ín lásán ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo rí ọkùnrin mẹ́rìnlá tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà wa pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, Abdulbaqi ló ṣíwájú. Ta ló pe ọ̀wẹ̀? Kò sẹ́ni tó pè é. A kì í sì í wá sí ọ̀wẹ̀ tí a kò pè wá. Nítorí náà mo gbà pé wọ́n wá lé ọmọ náà jáde nílùú ni. Mo sáré síta pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo fi sùn, mo na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, mo ń bẹ̀ wọ́n nítorí Ọlọ́run. Abdulbaqi wò mí títí. Ó ní, “Bàbá Souradjou, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọ ẹ̀wù. Ebè la wá kọ.”

Ó ní àwọn mọ̀ pé ojú kò ní jẹ́ kí Moudachirou pe àwọn, Àsùmáù ló lọ ojúlé dé ojúlé fún un. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ebè ti lé ní ẹgbẹ̀rún. Rachidatou gún iyán, ó fi wàrà sí ọbẹ̀, Abdulbaqi jẹ òkèlè tí n kò lè kà. Wọ́n fi aré ìbẹ̀rù mi ṣe ẹ̀fẹ̀ jẹun, èmi náà sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Àná, wọ́n ti wá pe Moudachirou sí oko Abdulbaqi. Ó jí kí àkùkọ tó kọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, ọmọ rẹ jókòó ti oko, ó ń wò ó. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Ta ló máa sọ fún Bàbá mi?” Mo ní èmi ni.

Àbúrò mi, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ti òsì ti tó. Mo mọ̀ pé o búra lójú wa pé o kò ní bá a jẹun nínú àwo kan láé. Mo ti lọ bi Àlùfáà wa. Ó ní ìbúra tó ya bàbá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, kí ẹni náà já a, kó sì bọ́ aláìní mẹ́wàá. Mo padà lọ bi í lọ́sàn-án bóyá mẹ́wàá ni lóòótọ́. Mẹ́wàá ni. Mo ti ṣa iṣu tí a ó fi bọ́ wọn, iṣu tuntun tí kò ní àbààwọ́n. Nílé rẹ la ó ti ṣe é, Ganiyatou yóò mọ àwọn tó yẹ ní àdúgbò yín. Lẹ́yìn náà, èmi pẹ̀lú rẹ yóò jọ padà wá sí Manigri.

Bá mi kí Ganiyatou gan-an, sọ fún un pé kó má sunkún, nítorí ojú rẹ̀. Kí àwọn aládùúgbò rẹ. Zouléha ìyàwó ọmọ mi ló mú lẹ́tà yìí wá, fún un lómi mu. Mo ti bá ẹni tó máa fi alùpùpù gbé mi sọ̀rọ̀ pé kó má sáré, mo sì ti tún un sọ. Má wá ọ̀nà àbáyọ, má sì sọ pé o kò sí nílé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí, bí mo bá ti kí ìrun àárọ̀ tán ni n óò gbéra.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
                                        Souradjou.