Ewé Tí N Kò Fi Dí Ọ̀nà

                                        Agboolé Oyèbánjí,
                                        Ẹ̀yìn Enuwa,
                                        Ilé-Ifẹ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kejìlá, 2024.

Rasheed, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ilé, mo sì kí ọ kú ìnira ẹsẹ̀. Habibah ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o rí oorun ọ̀sán sùn ní Ìwó níbẹ̀? Mo gbọ́ pé o ti ń fi ọ̀pá dá rìn dé mọ́ṣáláṣí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀yẹ́ ti dé sọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ètè gbogbo wa ti là.

Bí mo bá pè ọ́, o kì í gbé fóònù. N kò bá ọ wí. Ìdí tí mo fi mú bíírò nìyẹn.

Kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi, jẹ́ kí n rántí wa díẹ̀. Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, tí dókítà ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ lo ní rírìn kò tó, pé kí a máa sáré gun òkè ẹ̀yìn Yunifásítì. Mo rò pé orí rẹ ti dàrú. Kò pẹ́ tí n kò lè sùn mọ́ bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́. Ìrì á máa rin wá lẹ́sẹ̀, àyà á máa fẹ́ bí ẹwìrì, ẹ̀rín á tún máa pa wá, nítorí ẹnu rẹ kì í dákẹ́ bí o ti ń sáré. Bí mo bá dé orí àpáta, wàá ti jókòó, wàá ti bó ọsàn fún gbogbo wa, wàá ní, "Bàbá Ìgbín, kí lẹ rà bọ̀ fún wa lọ́nà?" Láti òkè yẹn, òrùlé Ifẹ̀ àti ti Modákẹ́kẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìwọ ọmọ ọ̀hún, èmi ọmọ ìhín, a kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ìwọ náà lo fún wa ní òfin tí bàbá rẹ fi ń kó yín lọ sóko: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé oríta yóò já ewé tútù, yóò fi dí ọ̀nà tí kò yẹ kí ará ẹ̀yìn gbà. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé.

Nígbà tí o lọ síbi ìgbéyàwó ní oṣù Kẹsàn-án, òjò ba ọ̀nà àtijọ́ jẹ́, èmi àti Tiwaladé tó ń bá wa sáré sì la tuntun sí apá ọ̀tún. O kò mọ̀ ọ́n. Ní Sátidé tí o padà wá, o bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ, mo sì kọjá lára rẹ. N kò ṣíwájú rẹ rí, Rasheed. Mo dé oríta, mo ń gbọ́ ìró bàtà rẹ lẹ́yìn. Ewé wà níbi tí ọwọ́ mi lè tó. Mo rò ó pé bí mo bá dúró já a, wàá bá mi. Mo sáré kọjá.

Mo dé orí àpáta, mo jókòó sí àyè rẹ. Orúkọ ẹranko ni mo ń wá tí n ó fi kí ọ nígbà tí mo gbọ́ igbe Yéwándé, ẹnì kẹrin wa, nísàlẹ̀. O ti gba ọ̀nà àtijọ́, ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ rẹ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ sì ti kán.

Bí a ti ń gbé ọ sọ̀ kalẹ̀, Tiwaladé béèrè ewé. Mo ní mo fi síbẹ̀, bóyá ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé irọ́ kò dára! Nígbà tí mo wá pè láti kí ọ, Habibah ló gbé e, ó rọra ní, "Ẹ má bínú, sà. Bàbá ní kí n bi yín léèrè, ewúrẹ́ ta ni?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo pa fóònù.

Kò sí ewúrẹ́ kankan. Èmi ni. Ẹsẹ̀ rẹ ń dùn mí, àmọ́ irọ́ náà ló ń dùn mí jù, nítorí o wà lẹ́yìn mi gan-an: bí ewé bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé o kò fojú sílẹ̀, ìwọ tí o kọ́ wa lófin. Dárí jì mí.

Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì lórí àpáta. Mo rò pé wọn yóò dìde fi mí sílẹ̀. Tiwaladé kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára ọsàn tó ń bó. Ó ní, "Bàbá, a ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

N kò ní kí o wá sáré. Yéwándé, nọ́ọ̀sì wa, sọ pé ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè rọra dé oríta láti ojú títì. Láti Sátidé tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni n ó máa jókòó sí, n kò ní gun òkè. Ọ̀bẹ ọsàn rẹ wà lọ́wọ́ mi. N ó fi ewé tútù dí ọ̀nà àtijọ́, bí o kò bá sì wá, n ó máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rọ.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí Habibah náà, kí o sọ fún un pé mo ti rí ẹni tó ni ewúrẹ́ náà.

Èmi ni tìrẹ tó ń ṣọ́ oríta,
Oyèbánjí
(Bàbá Ìgbín)