Àwọn tó wà lábẹ́ adágún

Máfolúkù, Ọjọ́bọ̀, 1975.

Mo tẹ́ máàpù àtijọ́ méjì tí mo fẹ́ fi kọ́ kíláàsì mi sílẹ̀: ilẹ̀ òyìnbó kan tí yìnyín gbẹ́ adágún sí. Nínú àkọ́kọ́, abúlé kan wà létí omi. Nínú ìkejì, ìjọba ti sé odò, omi ti bo abúlé. Ibo làwọn èèyàn ibẹ̀ wá kó lọ?

Ìyá onílé wa wò ó títí. "Tíṣà, àwọn òkú wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n kó wọn dání?"

Ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo tún wá a. Máàpù ò sọ nǹkan kan.

Ìyá ti padà síwájú ilé. Wọ́n jókòó sórí sàréè ọkọ wọn, wọ́n ń wo àmì pupa tí àwọn ará ìjọba kùn sára ògiri wa láàárọ̀: títì máa gba ibí kọjá.